Owó Ìkẹ́rù àti Ọwọ́ Ọ̀tún Èjìká

Ìgbátí tí Ọ̀gá fi dá Èjìká lóhùn, àtẹ́lẹwọ́ kọ́ ló fi gbá a. Ẹ̀dọ̀ màlúù ni. Ẹ̀dọ̀ náà tutù, ó wúwo, ẹ̀jẹ̀ ṣì ń kán lára rẹ̀, ó sì dún ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ Èjìká bí ìgbà tí èèyàn ju aṣọ tútù mọ́ ògiri. Gbogbo odò ẹran dá iṣẹ́ dúró. Àwọn tó ń ṣán egungun gbé àáké dúró lókè. Àwọn tó ń fọ ìfun gbójú kúrò nínú agbada wọn.

"Tún un wí," ni Ọ̀gá wí.

Èjìká fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Mo ní mo fẹ́ máa lọ, sà. Bí oṣù yìí bá ti parí."

Ọ̀gá tún gbé ẹ̀dọ̀ náà, ó fi gbá a ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ kejì, bóyá kí ọ̀kan má baà máa jowú èkejì. Lẹ́yìn náà ló wá fà á lé ẹni tó ń wọn ẹran lọ́wọ́. "Wọ̀n ọ́n. Má yọ nǹkan kan nínú owó ẹ̀. Ẹ̀dọ̀ kì í bàjẹ́ torí pé ó gbá aláìmoore lójú."

Ẹnu á ya àlejò tó bá rí wọn: ọkùnrin tó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn gáréèjì, tí ọkùnrin kúkúrú kan ń fi ẹ̀dọ̀ gbá lójú, tí kò sì janpata. Gbèsè ni. Gbèsè a máa sọ erin di àgùntàn, ẹni tó mú okùn rẹ̀ lọ́wọ́ ì báà ṣe aràrá.

Èjìká kì í ṣe orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Iṣẹ́ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ààbọ̀ màlúù ló máa ń gbé lé èjìká kan, á máa súfèé lọ sí yàrá yìnyín bí ẹni gbé ìrọ̀rí. Ìlú tó jìnnà ni Ọ̀gá ti rí i, ní odò ẹran kékeré kan tí òrùlé rẹ̀ ń jò. Ó wò ó bó ṣe ń tú ẹran ní oríkèé-oríkèé, tí ọ̀bẹ rẹ̀ kì í kan egungun, ó sì sọ níbẹ̀ pé, "Wá bá mi ṣiṣẹ́. Èmi ni màá kẹ́rù ẹ." Lóòótọ́ ló kẹ́rù rẹ̀. Ó san owó ọkọ̀ akẹ́rù. Ó gba yàrá méjì fún un lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ó san ti ọdún kan. Ó ra bẹ́ẹ̀dì onírin, ó ra kọ́bọ́ọ̀dù, ó san owó àwọn tó rọra gbé ẹ̀rọ ìránṣọ ìyàwó rẹ̀ gun òkè. Àgbàtán là ń gbọ̀lẹ. Ọ̀gá gba Èjìká ní àgbàtán, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Èjìká kì í ṣe ọ̀lẹ.

Àdéhùn wọn kò díjú: ọdún mẹ́ta. Ẹni tó bá fẹ́ lọ kí ọdún mẹ́ta tó pé, á dá gbogbo owó ìkẹ́rù padà, láìyọ owó okùn tí wọ́n fi di ẹrù sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ okùn yẹn pa gbogbo wọn lẹ́rìn-ín lọ́jọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí i. Ọ̀gá náà rín. Ó mú ọwọ́ ọ̀tún Èjìká, ó gbé e sókè sódò bí ẹni ń díwọ̀n itan ẹran. "Ọwọ́ yìí ni mo sanwó ọkọ̀ fún," ó ní. "Ara tó kù, èènì ni." Gbogbo ẹni tó bá kó wá ló máa ń sọ ọ́ fún. Ó ti kó àwọn kan wá rí, tí wọ́n jẹ owó rẹ̀ tán, tí wọ́n sì gba ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn lọ kí ẹrù wọn tó balẹ̀ dáadáa. Látìgbà náà ló ti búra pé inú òun ò ní rọ̀ fún ẹnikẹ́ni mọ́.

Kò sì rọ̀. Ọ̀gá kì í lọ sí kóòtù. Èjìká tí Èjìká fi ń gbé màlúù ni kóòtù rẹ̀.

Nínú àwọn tó jẹ́jọ́ ní kóòtù yẹn, Abówọ ni Èjìká kò lè gbàgbé. Àgbà ọkùnrin tó ń bó awọ ẹran ni, ọwọ́ rẹ̀ mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí awọ tó bá bó kì í ní ihò kan ṣoṣo. Ó ní ẹ̀yìn ń ro òun, òun fẹ́ padà sọ́dọ̀ àwọn ọmọ òun. Ọ̀gá ní kó san owó ìkẹ́rù. Kò rí i san, ló bá ń di ẹrù ní kọ̀rọ̀. Ọ̀gá rán Èjìká àti Ẹlẹ́rìn-ín sí i. Ẹlẹ́rìn-ín ni ọ̀rẹ́ Èjìká, òun ló ń fi àáké ṣán egungun. Kò sóhun tí kì í pa á lẹ́rìn-ín, bí wọ́n bá ń sìnkú á ní kí wọ́n jọ̀ọ́ kí òun lọ rín díẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé kí òun tó padà wá sunkún. Wọ́n bá Abówọ níbi tó ti ń ká tìmùtìmù. Ó bẹ̀ wọ́n. Ó pè wọ́n ní ọmọ òun. Ẹlẹ́rìn-ín dì í mú láti ẹ̀yìn, ó ń rín. Èjìká mú ọwọ́ ọ̀tún bàbá náà, ó tẹ́ ìka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn níbi tí irin ti so ó mọ́ férémù, ó sì ti ilẹ̀kùn náà. Ìró rẹ̀ kò ju ti igi ìdáná gbígbẹ lọ.

Abówọ ò lọ mọ́. Ọwọ́ òsì ló fi ń gbá gọ́tà ẹ̀jẹ̀ fún Ọ̀gá, kó lè fi san ohun tí ọwọ́ ọ̀tún jẹ. Lójoojúmọ́ ló ń gba ẹ̀gbẹ́ Èjìká kọjá tòun tìgbálẹ̀. Kò bú u, kò ṣépè fún un. Á kàn rọra ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ẹsẹ̀ yín." Kí àgbàlagbà máa fi ìbẹ̀rù bọ̀wọ̀ fún ẹni tó lè bí, ìyẹn dun Èjìká ju èpè lọ.

Ẹ̀wù kan ló wá tú àṣírí náà nílé. Ìyàwó Abówọ mú un wá fún ìyàwó Èjìká pé kó bá òun tú apá ọ̀tún rẹ̀, kó fẹ̀ ẹ́ síta, kó lè gba ọwọ́ tí wọ́n fi pátákó dì. Obìnrin náà jókòó lórí àpótí, ó ń sọ, ó ń sunkún, kò mọ ilé ẹni tí òun wà. "Òmìrán kan ni wọ́n rán sí wa, ìyá, èjìká ẹ̀ ò fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹnu ọ̀nà." Ìyàwó Èjìká kò dá ẹ̀rọ dúró. Ó rán apá ẹ̀wù náà parí, ó ká a, kò gba owó.

Nígbà tí ọkọ rẹ̀ dé, ó bu omi fún un, ó sì dúró tì í títí tó fi mu ún tán.

"Bàbá Ọmọ, ọwọ́ wo lẹ fi ti ilẹ̀kùn náà?"

Èjìká tẹjú mọ́ kọ́ọ̀pù.

"Ẹ má wo kọ́ọ̀pù. Kọ́ọ̀pù ò bá yín débẹ̀. Ọwọ́ wo ni?"

"Ọ̀tún."

"Òun náà lẹ fi ń gbé ọmọ mi." Ó gba kọ́ọ̀pù lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ kúrò níbi iṣẹ́ yẹn, tàbí kí èmi àti ọmọ kúrò níbí. Pàṣán tí wọ́n fi na ìyálé, ó ń bẹ lájà fún ìyàwó. Ẹ ò ní pẹ́ mọ̀."

Ìdí abájọ nìyẹn tí Èjìká fi lọ dúró níwájú Ọ̀gá, tó fi jẹ ìgbátí ẹ̀dọ̀. Pàṣán náà ò sì pẹ́ lájà lóòótọ́. Èjìká ta kọ́bọ́ọ̀dù, ó ta aago ọwọ́ rẹ̀, ó yá nínú owó àwọn ará ilé ìyàwó rẹ̀, gbogbo rẹ̀ kò dé ìdajì. Ó kó o lọ bá Ọ̀gá ní ọ́fíìsì, ó kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì.

"Ẹ gba èyí tó wà ńlẹ̀ ná, sà. Mo bẹ̀ yín. Èyí tó kù, oṣooṣù ni màá máa fi ránṣẹ́."

"Gbogbo àwọn tó ti lọ náà ló ní àwọn á máa fi ránṣẹ́. Ẹyẹ ló ń gbé e bọ̀ ni? N ò tíì rí ẹyẹ yẹn kó bà sórí òrùlé mi." Ọ̀gá fi ẹsẹ̀ tari owó náà padà, ó bọ́ sínú omi ẹ̀jẹ̀ tó ṣàn wọlé lábẹ́ ilẹ̀kùn. "Ẹni tó yá ẹgbẹ̀fà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà ẹgbẹ̀fà. Gbogbo owó mi ni mo fẹ́, àbí kẹ̀ kó o fi ohun tí mo sanwó ọkọ̀ fún sílẹ̀. Mo fún ọ di ọjọ́ Ẹtì."

"Kí lẹ fẹ́ fi ọwọ́ mi ṣe, Ọ̀gá?"

"Màá gbé e kọ́ sẹ́nu ọ̀nà. Àwọn tó kù á máa kí i bí wọ́n bá ń wọlé sẹ́nu iṣẹ́."

Èjìká wo ojú rẹ̀ bóyá ẹ̀fẹ̀ wà níbẹ̀. Kò sí.

Òfin kan wà ní odò ẹran yẹn tó ju gbogbo òfin lọ, mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kí n tó tẹ̀ síwájú. Bí ẹnikẹ́ni bá ti ké "Sílẹ̀!", ẹni yòówù tó mú irin dání, ọ̀bẹ ni o, àáké ni o, kó jù ú sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kó sì na ọwọ́ méjèèjì sókè. Ilẹ̀ ibẹ̀ kì í gbẹ. Omi, ẹ̀jẹ̀ àti ọ̀rá ló wà níbẹ̀ láàárọ̀ dalẹ́, ẹsẹ̀ tó bá sì yọ̀ láàárín ọ̀bẹ, àgbákò ni. Nígbà tí Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ṣì jẹ́ alápatà lásán, ẹni tó ń bá a ṣiṣẹ́ yọ̀ ṣubú, ó sì já lé ọ̀bẹ tó wà lọ́wọ́ Ọ̀gá. Ó ti kú kí Ọ̀gá tó mọ̀ pé nǹkan kan kan òun lọ́wọ́. Ọjọ́ tí Ọ̀gá di ọ̀gá ló dá òfin náà sílẹ̀, ó sì fi rọ́bà omi nà án wọ gbogbo wọn lára. Á rọra wá dúró sẹ́yìn wọn, á ké "Sílẹ̀!" lójijì, ẹni tí irin bá ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, rọ́bà á bá a sọ̀rọ̀ ní ẹ̀yìn. Nígbà tó yá, òfin náà kúrò lórí, ó wọ inú iṣan. Ìyàwó Ẹlẹ́rìn-ín ké "Sílẹ̀!" nílé lọ́jọ́ kan sí ọ̀kan nínú àwọn ìbejì rẹ̀ tó ń gun tábìlì, kò tíì pa ẹnu dé tí abọ́ ọbẹ̀ gbígbóná fi bọ́ lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀ sí itan, tí ọkọ sì na ọwọ́ sókè tó ń wo òrùlé. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni wọ́n fi rín in ní odò ẹran. Òun fúnra rẹ̀ ló rín jù.

Ọjọ́ Ẹtì pé. Oòrùn ti mú, ẹrù ti wà ní dídì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, nígbà tí Ẹlẹ́rìn-ín àti dẹ́rẹ́bà Ọ̀gá gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wá. Ìyàwó Èjìká ń fi áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ aṣọ oníbàárà tó gbẹ̀yìn. Ọmọ ń sùn lẹ́yìn rẹ̀.

"Ìyàwó wa, ẹ kú iṣẹ́ o." Ẹlẹ́rìn-ín ti ń rín láti ẹnu ọ̀nà. Páìpù irin wà lẹ́yìn itan rẹ̀.

"Bàbá Ìbejì, ẹ káàbọ̀. Ti páìpù ti jẹ́? Ẹ fẹ́ bá wa tún ẹ̀rọ omi ṣe ni?"

"Ẹ̀rọ omi yín ò bàjẹ́. Ọkọ yín ni Ọ̀gá ní ká bá òun gbé wá."

"Ẹni tó ń gbé màlúù lẹ fẹ́ gbé? Ẹ ṣọ́ra kí ìbàdí yín má yẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn pa Ẹlẹ́rìn-ín lẹ́rìn-ín tọkàntọkàn. Inú ẹ̀rín náà ló wà tó ti fì páìpù náà. Èjìká ń jáde bọ̀ láti yàrá, páìpù bá a ní orúnkún, ó wólẹ̀ bí ògiri amọ̀. Dẹ́rẹ́bà fò mọ́ ọn lẹ́yìn. Èjìká na ọwọ́ sẹ́yìn, ó fà á lọ́rùn ẹ̀wù, ó gbé e gba orí ara rẹ̀, ó sì lù ú mọ́ fèrèsé. Gíláàsì tú ká, ó ń rọ́ wálẹ̀ bí yìnyín. Ó di Ẹlẹ́rìn-ín lọ́fun mú. Ẹ̀rín kú sínú ọ̀fun náà, ojú Ẹlẹ́rìn-ín ń ràn, páìpù ń gbá Èjìká ní ìhà lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, egungun ìhà kan sì ṣẹ́. Kò jù ú sílẹ̀. Dẹ́rẹ́bà dìde pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ lójú, ó yọ irin bẹ́ẹ̀dì, ó gbé e sókè. Ìyàwó Èjìká ò pariwo. Ó gbé áyọ́ọ̀nù kúrò lórí aṣọ oníbàárà, ó sì fi tẹ dẹ́rẹ́bà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó rọra fà á lọ bí ẹni ń lọ kọ́là. Òórùn rẹ̀ kún yàrá. Dẹ́rẹ́bà ju irin nù, ó sá sọ̀ kalẹ̀ lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, igbe rẹ̀ ń ṣáájú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n Èjìká ti yíjú wo ìyàwó rẹ̀ bóyá ohunkóhun ṣe é. Ìṣẹ́jú akàn yẹn tó fún páìpù. Ó bá a ní ìpàkọ́, ilé sì ṣókùnkùn.

Nígbà tó lajú, inú odò ẹran ló wà, Ẹlẹ́rìn-ín ti wọ́ ọ sínú ọkọ̀ wá síbẹ̀. Wọ́n ti pa ẹran ọjọ́ náà tán, àwọn òṣìṣẹ́ ti lọ, wọ́n ti fọ ilẹ̀ fọ́ọ́, ọ̀rá ṣì ń dán lórí rẹ̀. Wọ́n tan ẹ̀rọ kí àwọn ará àdúgbò lè rò pé iṣẹ́ ń lọ. Ṣéènì ńlá ń yí lókè, àwọn ìkọ́ irin tí wọ́n fi ń so ẹran ń tò tẹ̀lé ara wọn lófìfo, wọ́n ń lọ síbi ayùn tó ń la màlúù sí méjì. Ayùn náà ń han. Okùn ni wọ́n fi di apá òsì Èjìká mọ́ ara rẹ̀. Ó mọ okùn náà. Òun ni wọ́n fi di ẹrù rẹ̀ wá, òun ni owó rẹ̀ wà nínú àdéhùn. Apá ọ̀tún nìkan ló wà ní òmìnira, ìyẹn ni wọ́n tẹ́ sórí ìtì igi tí wọ́n fi ń ṣán egungun.

Ọ̀gá fi ọwọ́ òsì tẹ ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mọ́ igi. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún gbé ọ̀bẹ lé e lọ́fun. Ẹlẹ́rìn-ín dúró lódìkejì pẹ̀lú àáké.

"Ìwọ lo fẹ́ gé e?" Èjìká bi í.

"Ṣé èmi ni mo yá ọ lówó ni?" Ẹlẹ́rìn-ín rín, ṣùgbọ́n eyín nìkan ló rín, ojú ò bá a dá sí i. Àmì ìka Èjìká ṣì pọ́n lọ́fun rẹ̀. "Ọdún kan ó lé ló kù fún èmi náà níbí. Bí n ò bá gé tìẹ, tèmi ni wọ́n á gé. Àwọn ìbejì mi ò tíì tó kúrò lọ́mú."

"Ẹ yé sọ̀rọ̀ bí àwọn opó," ni Ọ̀gá wí. "Oríkèé ni kó o wá, má fọ́ egungun. Ọwọ́ olówó iyebíye ni. Ó yá."

Àáké gòkè. Èjìká rí ẹnu rẹ̀ tó funfun, ó rí iná òrùlé lára rẹ̀. Ara rẹ̀ kọ̀, ó fà sẹ́yìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ ọ̀rá, ẹsẹ̀ náà sì yọ̀. Kò ronú ohunkóhun. Kì í ṣe ọgbọ́n ló kọ́ ọ. Ẹsẹ̀ yọ̀, ẹnu sì ké ohun tí ẹnu máa ń ké níbẹ̀ bí ẹsẹ̀ bá ti yọ̀:

"Sílẹ̀!"

Àáké bọ́ sẹ́yìn Ẹlẹ́rìn-ín, ó dún gbàn-ùn lórí sìmẹ́ǹtì. Ọ̀bẹ Ọ̀gá bọ́ sórí ìtì igi. Àwọn méjèèjì na ọwọ́ sókè, wọ́n dúró gbagidi, wọ́n ń wo òrùlé bí ẹni ń retí òjò.

Òfin tí Ọ̀gá fi rọ́bà nà wọ àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ lára, òun náà ló ti kọ́kọ́ wọ̀ lára. Ojú rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó rí àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀ lófìfo lókè, ó sì la ẹnu.

Èjìká kò jẹ́ kó sọ ohun tó fẹ́ sọ. Ó fi iwájú orí kàn án ní imú. Imú náà fọ́, ẹ̀jẹ̀ tú jáde. Ọ̀gá ta gọ́ọ́gọ́ọ́ sẹ́yìn lórí ọ̀rá, ọwọ́ ṣì wà lókè, ó ń wá ohun tó máa dì mú. Ohun tó dì mú ni ìkọ́. Ìkọ́ tó ń kọjá lọ jẹ́jẹ́ lórí ṣéènì wọ àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ó yọ ní ẹ̀yìn ọwọ́. Ṣéènì kò mọ ọ̀gá yàtọ̀ sí màlúù. Ó fà á. Ọ̀gá kúrú; ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò nílẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, bàtà rọ́bà kan bọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó sì ń lọ bẹ́ẹ̀ nínú atẹ́gùn, ó ń han bí ayùn tí wọ́n ń gbé e lọ bá.

Èjìká ti gbá ọ̀bẹ mú. Ó yíjú sí Ẹlẹ́rìn-ín. Ẹlẹ́rìn-ín ò tíì sọ ọwọ́ kalẹ̀.

"Máa nà án sókè bẹ́ẹ̀," ni Èjìká wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe wà," ni Ẹlẹ́rìn-ín dáhùn. Fún ìgbà àkọ́kọ́ látọjọ́ tí wọ́n ti mọra, kò rín.

Èjìká gé okùn ara rẹ̀. Ó fi ọwọ́ di ìhà tó ṣẹ́, ó rìn lọ síbi bọ́tìnnì pupa lára ògiri, èyí tó ń dá gbogbo ẹ̀rọ dúró. Ó gbé ìka lé e. Kò tẹ̀ ẹ́.

"Ọ̀gá!"

"Pa á! Pa á! Orí ìyá ẹ, pa ẹ̀rọ!"

"Èmi àti Abówọ, a ti san owó ìkẹ́rù àbí a ò tíì san?"

"Ẹ ti san! Ẹ ti san!"

"Pẹ̀lú owó okùn?"

Eyín ayùn ti ń fẹ́ atẹ́gùn sí Ọ̀gá lẹ́sẹ̀. Ó ká orúnkún mọ́ àyà bí ọmọ inú oyún. "Pẹ̀lú owó okùn!"

Èjìká tẹ̀ ẹ́. Ṣéènì dúró. Ayùn ń rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó kùn, ó kùn, ó dákẹ́. Nínú ìdákẹ́ náà, ẹ̀jẹ̀ ń kán láti ọwọ́ Ọ̀gá sínú gọ́tà tí Abówọ ń gbá. Ọwọ́ ọ̀tún Èjìká ṣì wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀, ọ̀bẹ wà nínú rẹ̀, ọrùn Ọ̀gá sì ń fì níwájú rẹ̀ bí ọrùn ẹran tí wọ́n fẹ́ dúńbú. Ó wò ó. Lẹ́yìn náà ó fi ọ̀bẹ náà lé orí ìtì igi.

"Bàbá Ìbejì, sọ ọ̀gá ẹ kalẹ̀," ó ní. "Oríkèé ni kó o wá. Má fọ́ egungun."

Ẹnu géètì ló ti pàdé ìyàwó rẹ̀. Ó ti sáré wá láti ilé, ọmọ ń mì lẹ́yìn rẹ̀, áyọ́ọ̀nù ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, èédú inú rẹ̀ ṣì pọ́n. Ó wo ọwọ́ ọkọ rẹ̀ ṣáájú kó tó wo ojú rẹ̀.

"Ó pé," ni Èjìká wí.

"Mo rí i." Ó da èédú náà sí ilẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ pa.

Wọn ò kó bẹ́ẹ̀dì, wọn ò kó tìmùtìmù. Ẹ̀rọ ìránṣọ nìkan ni wọ́n gbé, nítorí ilé ìyá obìnrin náà ló ti gbé e wá. Ọlọ́kọ̀ kan gbà láti gbé wọn dé ibi tí ọ̀nà ti pínyà. Ṣùgbọ́n ìyàwó Èjìká ní kó yà ná, kò sọ ìdí, Èjìká kò sì bi í. Ó mọ ilẹ̀kùn tí wọ́n ń lọ síwájú rẹ̀.

Abówọ ń fi ọwọ́ òsì gé èékánná ẹsẹ̀, ó nira fún un, ìyàwó rẹ̀ sì ń wò ó láìràn án lọ́wọ́ torí pé ó ti kọ̀ fún un. Nígbà tí obìnrin náà rí òmìrán tó wọlé, ó pariwo. Nígbà tó rí aránṣọ rẹ̀ lẹ́yìn òmìrán, ẹnu rẹ̀ pa dé.

Èjìká dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, ìhà rẹ̀ tó ṣẹ́ sì mú kó kérora. "Bàbá, Ọ̀gá ní ẹ ti san. Ẹ lè máa lọ nígbàkígbà."

Abówọ gbé abẹ sílẹ̀. "Ọ̀gá ti bá mi yanjú tiẹ̀," ó ní. "Ìwọ ńkọ́?"

Èjìká dìde. Ó rìn lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó ṣí ilẹ̀kùn, ó tẹ́ ìka ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí irin wà, ó sì dúró. Kò ṣẹ́jú. Ìyàwó rẹ̀ tú ọmọ kúrò lẹ́yìn, ó gbé e mọ́ àyà, ó fi ọwọ́ bo etí rẹ̀.

Abówọ wá síbẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀yìn tó ń ro ó. Ó wo ìka náà pẹ́, bó ṣe máa ń wo awọ kó tó fi ọ̀bẹ kàn án. Ó fi ọwọ́ òsì yọ ìka kan kúrò, ó yọ èkejì, ó yọ ẹ̀kẹta. Ó ku ọ̀kan, ìka tó ń tẹ ẹ̀yìn ọ̀bẹ. Ó di ilẹ̀kùn mú.

Ìró rẹ̀ kò ju ti igi ìdáná gbígbẹ lọ.

Èjìká fi iwájú orí ti ògiri, òógùn ń ṣàn wọ̀ ọ́ lójú. Ohùn tó ti ẹnu rẹ̀ jáde, ẹranko ló jọ.

"Ìyókù, èènì ni," ni Abówọ wí. "Máa kó o lọ."

Nínú ọkọ̀, ìyàwó Èjìká fa aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ ya lára gèlè rẹ̀, ó di ìka tó ṣẹ́ mọ́ ìkejì rẹ̀. Ọlọ́kọ̀ ń kùn pé kí wọ́n má jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ kan ìjókòó òun o, ọ̀la ni òun máa gbé ìyàwó lọ sílé ọkọ. Nígbà tí wọ́n ti fi ilé tó kẹ́yìn sílẹ̀, obìnrin náà gbé ọmọ, ó sì tẹ́ ẹ sí apá ọ̀tún ọkọ rẹ̀.

"Ẹ rọra," ó ní.